Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó ṣe é: bá a ṣe ń ṣe fọlọ́ntíà fáwọn akanda ẹ̀dá ní sítírítì wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pẹ́ táwọn kan ti ń sọ fún mi pé kí n kọ bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nǹkan tá à ń ṣe ní sítírítì wa ní Bàrígà síbì kan, kí wọ́n lè ṣe irú ẹ̀ ládùúgbò tiwọn. Mo kàn ń sọ pé màá kọ ọ́, màá kọ ọ́ ni, àfi ìgbà tí wọ́n múná lọ lálẹ́ yìí tí fáànù dákẹ́ tí oorun ò sì wá mọ́ ni mo bá jókòó ti fóònù mi. Ó máa gùn díẹ̀ o.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bá a ṣe ṣe é tí ò dáa. Màmá kan wà ní ojúlé kejì sí tiwa, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ní kékeré, wọ́n ń ta ríṣáàjì káàdì àti súwíìtì lẹ́nu géètì. Àwa ọ̀dọ́ sítírítì dáwó jọ, a ra wíìlṣíà tuntun, a ra àpò ìrẹsì kan lé e, a wọ aṣọ kan náà, a ya fọ́tò, inú wa dùn dé gbogan. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni mo yà kí Màmá nínú ilé, àṣé wíìlṣíà ọ̀hún ò gba ẹnu ọ̀nà yàrá wọn wọlé. Ilé fésì-mí-àì-fésì-yú ni, kọ̀rídọ̀ tóóró, sítóòfù ńbí, kẹ́ẹ̀gì lọ́hùn-ún, jẹnẹrétọ̀ kékeré nísàlẹ̀ fèrèsé. Ẹ̀yìnkùlé ni wíìlṣíà wà, àwọn ọmọ lándìlọ́ọ̀dù ń tì í kiri, wọ́n sì sá aṣọ lé e. Mo ní Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa? Wọ́n ní "Ẹ ò bi mí." Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé mi ò gbọ́ ọ rí ni, wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀.

Ohun tí Màmá ń wá gan-an ò ju méjì lọ: kẹ́ẹ̀gì omi méjì láràárọ̀, torí ọmọ tó ń bá wọn pọn ọ́n ti lọ sí bọ́dìn, àti nǹkan gidi tí wọ́n máa gbé lé gọ́tà iwájú ilé kí wọ́n lè máa jáde láìjẹ́ pé ẹnì kan gbé wọn bí ọmọ ọwọ́. Owó méjèèjì ò súnmọ́ owó wíìlṣíà yẹn rárá. Ọjọ́ yẹn la yíwọ́ padà, bá a ṣe ń ṣe é báyìí nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé

Ẹ má gbé bébà dání kẹ́ ẹ máa kanlẹ̀kùn kiri pé "ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní abirùn nílé?" Wọ́n á ní àwọn ò ní, ilẹ̀kùn á sì padé. Ọ̀pọ̀ òbí ló ní ọmọ nínú yàrá ẹ̀yìn táwọn aládùúgbò ò rí rí, kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ọmọ yẹn o, ẹnu ayé ni wọ́n ń sá fún. Ìyá tí wọ́n ti bú nínú dánfó pé kí ló ṣe tó fi bí irú ọmọ báyìí, ṣé torí pé ẹ wọ tíṣọ́ọ̀tì ẹgbẹ́ lẹ rò pé ó máa ṣílẹ̀kùn fún yín?

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ti ń jáde ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá tó ń rán bàtà lábẹ́ agboòrùn. Télọ̀ tí kò gbọ́ràn. Bọ̀dá tó ń ṣe POS lórí wíìlṣíà ní jọ́ńṣọ̀n. Àwọn wọ̀nyí mọ ara wọn, wọ́n mọ ẹni tó wà nínú ilé tí kò lè jáde, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ tí ojú ò ní tì í. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ lọ rí alága CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, torí bẹ́ ẹ bá fò ó, ìpàdé àwọn lándìlọ́ọ̀dù tó ń bọ̀ ni wọ́n ti máa bi yín pé ta ló rán yín níṣẹ́. Ìmáàmù àti pásítọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ má gbàgbé nọ́ọ̀sì tó ń fún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, òun ló máa ń kọ́kọ́ rí ọmọ olóṣù mẹ́jọ tí ọrùn ẹ̀ ò tíì dúró. Àmọ́ ẹ má ní kó dárúkọ ẹnikẹ́ni fún yín, kò yẹ kó sọ ọ́. Ẹ fún un ní nọ́ńbà yín kó fún àwọn ìyá, ẹni tó bá wù á pè.

Kẹ́ ẹ sì fi ọ̀kan nínú wọn ṣe olórí, olórí gidi o, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa kọ orúkọ ẹ̀ sórí pósítà lásán. Tiwa, bàbá oníbàtà yẹn náà ni. Tá a bá gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n ní rárá, rárá ni. Wọ́n ti bá wa da àbá mẹ́ta nù, èmi ló ni méjì nínú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ nìyí: kí la máa pè wọ́n? Ìjọba Èkó ń pè wọ́n ní akanda ẹ̀dá, àwọn míì fẹ́ràn aláàbọ̀ ara, bàbá oníbàtà ní òun ò fẹ́ ìkankan nínú méjèèjì, wọ́n ní oníbàtà ni kí n máa pe àwọn. Àwọn àgbà láyé ọjọ́un ní ẹni òrìṣà ni wọ́n, pé Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó lara. Ẹ ṣá má fi àìlera ṣe orúkọ fún àgbàlagbà, "ẹ bá mi pe arọ yẹn wá," ẹni tó bí yín lọ́mọ ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ jókòó, ẹ béèrè

Ìbéèrè mẹ́ta là ń lò. Àkọ́kọ́, kí ló máa ń gba àsìkò tàbí owó yín jù láàárín ọ̀sẹ̀? Ìkejì, kí lẹ ti pa tì torí pé kò sẹ́ni tó máa bá yín ṣe é? Ìkẹta ló dáa jù, kí ni ẹ ò fẹ́ ká bá yín ṣe? Ìkẹta yẹn máa ń bá àwọn èèyàn lójijì, torí kò sẹ́ni tó bi wọ́n rí. Ọmọbìnrin kan tójú ẹ̀ ò ríran sọ fún wa pé òun ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fa òun lọ́wọ́ mọ́ láyé, pé òun mọ ọ̀nà Bàrígà ju àwa tójú wa là lọ, ẹni tó máa bá òun wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sídìí agolo àti páálí lọ́jà ni òun ń wá, torí wọ́n ti ta mílíìkì tó ti kọjá àsìkò fún òun lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ bi ẹni náà fúnra ẹ̀, ẹ má bi ẹni tó dúró ti í. Ẹ máa rí i pé téèyàn bá ti lo wíìlṣíà, àwọn èèyàn á máa bi ẹni tó ń tì í pé "ṣé wọ́n á mu omi?" bí ẹni pé ẹnu náà ni kò ṣiṣẹ́. Tọ́rọ̀ bá sì ṣòro fún un láti sọ, ẹ dúró, ẹ má bá a parí gbólóhùn.

Ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ á yà yín lẹ́nu. Bàbá kan tí gíláúkómà gba ojú wọn ò tọrọ owó, wọn ò tọrọ oúnjẹ, ẹni tó máa bá àwọn lọ sílé ìwòran bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wá, kó máa sọ fún àwọn ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, kó sì lè jiyàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọdún mẹ́rin ni wọn ò ti kúrò nílé lálẹ́. Ọmọ tó ń bá wọn lọ báyìí, Arsenal ló ń ṣe, Bàbá ń ṣe Chelsea, ariwo wọn dé òpópónà.

Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé ẹkisasáìsì kan. Ẹ má kọ irú àìsàn tó ń ṣe ẹnikẹ́ni síbẹ̀ àyàfi tó bá ní kẹ́ ẹ kọ ọ́, ìwé máa ń sọnù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣèlérí kékeré

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń tú. Oṣù àkọ́kọ́, ogún èèyàn, oṣù kejì, méje, oṣù kẹta, ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ àti àbúrò ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́, wákàtí kan lọ́sẹ̀, oṣù mẹ́ta gbáko, ó tán. Tó bá ní òun fẹ́ ṣe ojoojúmọ́, ẹ sọ fún un pé kó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ná. Màmá tó ń retí omi laago mẹ́fà ààbọ̀ tí omi ò dé, kò ní lè fọ ara, kò ní lè ta ọjà àárọ̀, o ti ba ọjọ́ ẹ̀ jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sàn kó o má ṣèlérí rárá. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní èèyàn méjì, ẹni tó kàn àti ẹni tó máa dípò ẹ̀ tí go-slow bá ká a mọ́ Third Mainland.

Ẹ máa ṣí WhatsApp, gbogbo wa la mọ̀. Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ díẹ̀ níbí. Tẹ́ ẹ bá fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́, ẹ ti yọ télọ̀ tí kò gbọ́ràn kúrò nínú ìpàdé. Tẹ́ ẹ bá ya àwòrán ìwé tẹ́ ẹ kọ orúkọ sí, tàbí ẹ ṣe fíláyà aláràbarà, ẹ ti yọ ẹni tójú ẹ̀ ò ríran, torí pé TalkBack tó wà lórí Android àti VoiceOver orí iPhone, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ tẹ̀ ni wọ́n ń kà jáde bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ inú àwòrán kì í sábàá já geere. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó tán. Tó bá jẹ́ dandan kẹ́ ẹ fi àwòrán ránṣẹ́, ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ sísàlẹ̀ ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì dín ìmójì kù, ẹ̀rọ yẹn á máa ka orúkọ gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ àdúrà mẹ́wàá, ó máa pè é lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wo ẹni tẹ́ ẹ ń gbà wọlé

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ní àánú lójú ló yẹ kó wọ yàrá ẹlòmíì. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́, kó mú ẹni méjì wá tó mọ ilé ẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́, kò ní dá lọ síbikíbi, kó tẹ̀ lé ẹni tó ti pẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọdé, ẹnì kan ò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú wọn níbi tílẹ̀kùn ti padé, ì báà jẹ́ díákónì, ì báà jẹ́ àlùfáà. Àwọn tí wọn ò lè sáré, tí wọn ò lè pariwo, tí wọn ò lè ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe fún wọn, àwọn yẹn làwọn èèyàn burúkú máa ń wá, ẹ jẹ́ ká sojú abẹ níkòó.

Owó ńkọ́? Fọlọ́ntíà ò gbọdọ̀ mọ PIN ẹnikẹ́ni, kò gbọdọ̀ gba ATM lọ yọwó, kò gbọdọ̀ ka nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù fún ẹlòmíì tó pè. Tí Màmá bá ní kẹ́ ẹ bá àwọn ra nǹkan, ẹ gba owó, ẹ kọ iye ẹ̀, ẹ mú ṣéńjì àti ọjà dé, ẹ jọ kà á. Kò sí yíyá owó láàárín fọlọ́ntíà àti ẹni tó ń ràn lọ́wọ́, lápá ọ̀tún lápá òsì. A ò ní òfin yẹn tẹ́lẹ̀, ìjà ló bí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀

Èyí ló pọ̀ jù. Ẹ kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín lọ́jọ́ Sátidé kan. Ohun tí wọ́n fi han àwa nìyí.

Ẹni tójú ẹ̀ ò ríran: ẹ kí i, ẹ dárúkọ ara yín, torí "ṣé ẹ dá ohùn mi mọ̀?" kì í ṣe eré, ìyà ni. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kẹ́ ẹ jọ rìn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kó di ìgúnpá yín mú, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa dì í mú, ẹ rìn níwájú ẹ̀ díẹ̀, ara yín ló máa sọ fún un pé ilẹ̀ ń lọ sókè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má di ọ̀pá ẹ̀ mú láéláé, ojú ẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá dé gọ́tà, ẹ dúró, ẹ sọ pé "gọ́tà, ó fẹ̀ tó ìgbésẹ̀ kan," ẹ má kàn pariwo "ṣọ́ra!" torí kí ló máa ṣọ́? Tó bá kan dánfó, ẹ gbé ọwọ́ ẹ̀ lé irin ẹnu ọ̀nà, òun fúnra ẹ̀ á gòkè, kẹ́ ẹ sì sọ fún kọ́ńdọ́ ṣáájú pé kí mọ́tò dúró pátápátá níbi tó máa ti sọ̀, kì í ṣe "ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ òsì" lórí eré. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ sọ fún un pé ẹ ń lọ. Mo ti fi Bàbá sílẹ̀ rí tí wọ́n ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀ nítorí mo sáré lọ ra gálà.

Ti owó bébà, oníkálukú ló ní bó ṣe ń ká tiẹ̀, àwọn kan ká igba sí méjì, wọ́n ká ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sí mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún kan wà gbọọrọ. Ẹ béèrè bó ṣe ń ká a, kẹ́ ẹ fi ṣéńjì lé e lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ pe iye ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó wà lórí wíìlṣíà: ẹ má tì í láì bi í, ẹ má gbé báàgì yín kọ́ ọ, apá kan ara ẹ̀ ni. Ẹ wo bíréèkì kí ó tó jókòó tàbí dìde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí pèpéle, ẹ yí ẹ̀yìn padà, kí táyà ńlá ẹ̀yìn kọ́kọ́ balẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tẹ́ ẹ bá kojú ẹ̀ síwájú ó máa ré sílẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ń gòkè, ẹ tẹ ẹ̀yìn ẹ̀, kí táyà kékeré iwájú gòkè ná, kẹ́ ẹ wá ti ti ẹ̀yìn gùn ún. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ gbé àga àtẹni, ẹ bi í irin wo ló le, torí ibi tí wọ́n ń gbé ọwọ́ lé máa ń yọ wọ̀ọ́, mo ti rí ibi tó ti ṣẹlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Ọlọ́run ló yọ wá. Ọ̀rọ̀ kọ́ńdọ́ tún ńkọ́, àwọn kan á ní kẹ́ ẹ san owó ẹrù fún wíìlṣíà, ẹ yanjú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, kì í ṣe ní Ọ̀jọ́ta táwọn èèyàn á máa pariwo pé ẹ ń fi wọ́n ṣòfò.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: ẹni tí kò mọ nǹkan kan lára láti ìbàdí wálẹ̀, tó bá jókòó pẹ́ lójú kan, egbò máa ń dá sí i ní ìdí láìmọ̀, egbò yẹn ti pa èèyàn. Kó máa fi ọwọ́ méjèèjì gbé ara ẹ̀ sókè tàbí kó fara tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ má retí kó pọ́n, ibi tó bá ṣókùnkùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó gbóná tàbí tó le lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì rí i lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ẹni tí kò gbọ́ràn: ẹ má pariwo. Ẹ fọwọ́ kan èjìká ẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti bọ́ sójú yín, ẹ má sọ̀rọ̀ pẹ̀lú gúgúrú lẹ́nu. Bí ẹ ò bá mọ èdè ọwọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló kàwé. Èdè ọwọ́ tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ìwé àwọn adití nílẹ̀ wa, ti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, Andrew Foster, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tóun náà jẹ́ adití, ló gbé e wọ ilẹ̀ yìí ní nǹkan bíi 1960. Ẹ ní kí télọ̀ yẹn kọ́ yín ní ogún ọ̀rọ̀: omi, ìrora, ilé ìwòsàn, èló, dúró, ẹ ṣé. Ogún ọ̀rọ̀ jìnnà ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Tó bá di ọ̀rọ̀ dókítà, ẹ wá ẹni tó mọ èdè ọwọ́ dáadáa, ẹ má jẹ́ kọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án máa túmọ̀ àìsàn ìyá ẹ̀ fún un. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan, ọmọ yẹn ò sọ gbogbo ẹ̀, ó dé ibì kan ó kàn dákẹ́.

Ọmọ tí ọpọlọ tàbí ara ẹ̀ ò jẹ́ kó dá ṣe nǹkan: ìyá ẹ̀ lẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́. Wákàtí méjì tó máa fi sùn, tàbí tó máa fi ṣe irun, ju àpò ìrẹsì lọ. Àmọ́ ìyá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó tì yín lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin kí ọmọ mọ̀ yín. Ẹ má fún ọmọ lóúnjẹ ní ìdùbúlẹ̀, oúnjẹ á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ẹ gbé e jókòó, kí orí tẹ̀ síwájú díẹ̀, ṣíbí kékeré, ẹ dúró kó gbé e mì. Ẹ má fi ipá rọ ọmọ lẹ́kọ. Àwọn màmá àgbà máa bá yín jà lórí èyí, ẹ fara dà á.

Wárápá: kì í ràn, ìtọ́ ẹ̀ kì í ran ẹnikẹ́ni. Ẹ kó nǹkan líle kúrò nítòsí, ẹ tẹ́ aṣọ sábẹ́ orí ẹ̀, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wo aago. Ẹ má ki ṣíbí bọ ẹnu ẹ̀, ẹ má da omi sí i, ẹ má fi àlùbọ́sà rá a lójú. Tó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ilé ìwòsàn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: gọ́tà, àtẹ̀gùn, kọ̀rídọ̀

Tẹ́ ẹ bá ní owó kékeré kan, ibí ni kẹ́ ẹ ná an sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wíìlṣíà máa gbà gun pèpéle, ìṣirò ẹ̀ ò le: ìǹṣì kan ní gíga, ẹsẹ̀ bàtà kan ní gígùn. Pèpéle tó ga ní ìǹṣì mẹ́fà, ẹ nílò ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà kí ẹni tó wà lórí wíìlṣíà tó lè dá gùn ún. Bíríkìlà máa sọ fún yín pé ẹsẹ̀ méjì ti tó, ẹ ní kóun fúnra ẹ̀ jókòó sórí wíìlṣíà kó gùn ún. Kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Kó tó gbẹ, kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ fa ojú ẹ̀ kó má baà yọ̀ lásìkò òjò.

Ti orí gọ́tà, ẹ má dì í pa. Ẹ da kọnkéré ẹ̀ ní ègé ègé, kí irin wà lára ẹ̀ tí wọ́n máa fi gbé e sókè láti kó ìdọ̀tí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjò ńlá àkọ́kọ́ ni gbogbo ilé máa mọ orúkọ yín. Kọ̀rídọ̀ ò gba owó, ìpàdé ló ń gbà. Àwa bẹ̀bẹ̀ fún oṣù kan kí wọ́n tó gbé sítóòfù sápá kan ṣoṣo.

Ìgbésẹ̀ keje: ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì

Ẹni tó bá tẹ̀ lé wọn lọ kó mọ òfin díẹ̀, kì í ṣe láti fi jà, láti fi sọ̀rọ̀ ni. Èkó ti ní òfin tiẹ̀ láti 2011, òun ló dá LASODA sílẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ àwọn akanda ẹ̀dá. Ti ìjọba àpapọ̀, January 2019 ni Bùhárí fọwọ́ sí i: wọn ò gbọdọ̀ fi wọ́n sórí ìlà, kí wọ́n kọ́kọ́ dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá ń ṣe ìyàsọ́tọ̀ sí wọn, ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, tó bá jẹ́ iléeṣẹ́, mílíọ̀nù kan. Wọ́n fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ lọ́dún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí wíìlṣíà lè gbà, ọdún márùn-ún yẹn ti pé láti 2024. Ẹ wo báńkì àdúgbò yín, ilẹ̀kùn onígíláàsì tó ń yí yẹn, kẹ́ ẹ sọ fún mi ibi tí wíìlṣíà ń gbà.

Gbólóhùn tó ń ṣiṣẹ́ fún wa kì í ṣe "òfin sọ pé." Ẹ kúnlẹ̀ díẹ̀, tàbí ẹ tẹ̀ díẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́ ma, bàbá wa ò lè dúró, ẹ bá wa wò wọ́n ná." Tó bá kọ̀, ìgbà yẹn lẹ wá yọ òfin. Níwájú dókítà, ẹ dákẹ́, kí ẹni tó ń ṣàìsàn sọ tẹnu ẹ̀. Iṣẹ́ yín ni pé kẹ́ ẹ rántí ohun tí wọ́n ní kó lò, kẹ́ ẹ kọ ọ́.

Kẹ́ ẹ sì mọ ibi tẹ́ ẹ lè júwe. Egungun àti ẹsẹ̀, ilé ìwòsàn Ìgbóbì ni. Ọmọ tójú ẹ̀ ò ríran, ilé ìwé Pacelli wà ní Sùúrùlérè, ti àwọn adití, ilé ìwé Wesley wà níbẹ̀ náà. Àwọn ọmọ tí wọ́n nílò àkànṣe ìtọ́jú, Modupe Cole ní Àkọ́kà. Àgbàlagbà tójú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ tó rò pé ayé ti parí, ibì kan wà ní Òṣòdì tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní Braille, ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ kà, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá funfun rìn, àti iṣẹ́ ọwọ́. Ọjọ́ ìbò, òfin ìdìbò gbà kí ẹni tí kò ríran mú ẹni tó bá fẹ́ dání, òun ló máa yàn án, kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: fọ́tò, àti bẹ́ ẹ ṣe ń lọ

Ọjọ́ kẹta oṣù December ni ọjọ́ wọn lágbàáyé, gbogbo ẹgbẹ́ máa ń rántí lọ́jọ́ yẹn, ìrẹsì á pọ̀, kámẹ́rà á pọ̀. A ò kì í ya fọ́tò mọ́ àyàfi tí ẹni náà bá ní kí wọ́n ya òun, kó sì rí i kó tó jáde. Bàbá oníbàtà fẹ́ràn fọ́tò gan-an, àmọ́ bàtà ni wọ́n máa ń ní ká yà.

Fọlọ́ntíà á lọ, ọ̀kan á rí iṣẹ́ ní Lẹ́kí, ọ̀kan á jápa. Kò burú. Ẹ sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ mú ẹni tó máa gbapò yín lọ sílé, ẹ fi í hàn wọ́n, kí wọ́n sọ bóyá àwọn gbà á. Ẹ má kàn fi WhatsApp sílẹ̀ ní òru.

Ẹ̀ẹ́, wíìlṣíà ọjọ́ yẹn. A padà bi Màmá pé kí ni ká ṣe sí i, ẹ̀ẹ̀kan yìí a béèrè. Wọ́n ní ọmọ kan wà lápá Ìlàjẹ tílé wọn ní àgbàlá, pé ká gbé e fún un, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ lọ wọn ẹnu ọ̀nà wọn. A mú téèpù lọ, ó gbà á. Omi Màmá ṣì ni kẹ́ẹ̀gì méjì láràárọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀, èmi ló sì kàn lọ́la, iná ò tíì dé, ẹ jẹ́ n wá ibi sùn sí.